Bàtà Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ẹ jẹ́ kí á dìde dúró fún bàtà sáfẹ́tì. Ẹni tó bá dé fìlà, kó ṣí i. Kò sí ohun tó ń sọ ènìyàn lásán di ẹni ńlá ní Ìlọrin bíi bàtà yìí: awọ rẹ̀ pupa, ó ń dán, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì, wọ́n sì fi irin pamọ́ sí iwájú rẹ̀ kí ẹrù wúwo má baà fọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹni. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó máa ń wọ tirẹ̀ láràárọ̀, tí yóò sì lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ohun tó wúwo jù tó tíì já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ ni òkèlè. Síbẹ̀, "Injiníà" ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó bá dé mọ́sálásí, ẹnu ọ̀nà gan-an ló máa ń bọ́ bàtà náà sí, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ fo bàtà Injiníà kọjá.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Mo ka ìwé dé yunifásítì, mo sì dúró síbẹ̀, mo ń kọ́ni. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi dáadáa níbẹ̀ ni bí a ṣe ń fi ènìyàn rẹ́rìn-ín lọ́nà tó gbayì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í ṣe injiníà. Bọ́hòòlù ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbẹ́. Òun ló máa ń dúró ti ẹ̀rọ nígbà tí omi àti ẹrẹ̀ bá ń tú jáde láti inú ilẹ̀, sílípáàsì ló sì fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Nígbà tó yá, ìtọ̀ ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Egbò kékeré kan yọ sí àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó sì kọ̀, kò jinná. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń di egbò náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Bàbá, bí omi ẹrẹ̀ bá tún ń wọ ẹsẹ̀ yìí, wọ́n máa gé nínú rẹ̀ ni o. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn, tàbí kí ẹ wá bàtà tí omi ò lè wọ̀ rárá."

"Iṣẹ́ mìíràn wo, ọmọ mi?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé kí n lọ máa kọ́ni ní yunifásítì bíi àbúrò mi yìí ni? Ìjókòó máa ń dun ìdí mi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde sójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bá mi ra bàtà náà," ó ní. "Ìwọ lo máa ń gba ọ̀nà Táíwò kọjá. Ṣùgbọ́n má gba ohun tí wọ́n bá kọ sí i lára gbọ́ o. Da omi kún inú rẹ̀, kí o gbé e kọ́ ìṣó, kí o jókòó tì í. Bí omi bá kán sílẹ̀, fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí àwa oníṣẹ́ kànga ṣe ń dán an wò nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ìrun kan sílẹ̀, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fọ ẹsẹ̀ léraléra lóòjọ́ kí egbò náà wà ní gbígbẹ. Mo lọ bi Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní àdúgbò wa. Ó gbọ́ mi tán.

"Bó bá ti ṣe àlùwàlá pé kó tó wọ bàtà, tí bàtà náà sì bo kókósẹ̀ rẹ̀, kò pọn dandan kó bọ́ ọ," ó ní. "Kó fi ọwọ́ tútù pa á lórí, ó ti tó. Ṣùgbọ́n awọ ni kí bàtà náà jẹ́. Bí àwọn tó kọ́ wa ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Mo dúpẹ́. Bí mo ṣe ń dìde, ó tún sọ gbólóhùn kan sí i. Mo dáhùn pé mo ti gbọ́, mo sì bá tèmi lọ.

Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Táíwò kí mi bíi pé ó ti ń retí mi láti àárọ̀. "Prọ́ọ̀fù, ẹ káàbọ̀!" N kì í ṣe Prọ́ọ̀fù, n kò sì sọ fún un. Oríṣi bàtà méjì ló ní fún iṣẹ́ omi. Réènbúùtù wà, rọ́bà dúdú tó gùn dé orúnkún, tí kò ní ojú rírán kankan. Bàtà sáfẹ́tì náà wà, wọ́n sì fi òyìnbó kọ ọ́ sí i lára pé omi kò lè wọ̀ ọ́.

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́, Prọ́ọ̀fù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Ìdí iṣẹ́ omi ni wọ́n wà."

"Háà, injiníà omi! Ẹ wá ń wo réènbúùtù? Àwọn tó ń fọ ìfun màlúù ló ń wọ ìyẹn o." Ó fi eyín ya píọ̀ wọ́tà, ó dà á sí orí bàtà sáfẹ́tì. Omi náà ṣù jọ, ó yí dànù. "Ẹ wò ó! Omi gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀."

"Mo fẹ́ da omi kún inú rẹ̀, kí n gbé e kọ́."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Inú rẹ̀ kẹ̀? Alájì, bí ẹ bá ti da omi sínú rẹ̀, ẹ ti rà á nìyẹn. Ṣé gààrí lẹ fẹ́ fi mu ni?"

Àwọn obìnrin méjì tó ń wo bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo ra sáfẹ́tì, n kò dán an wò.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ilé olórí ẹ̀ka wa ní yunifásítì ni ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ gbẹ́ bọ́hòòlù sí. Èmi ni mo bá wọn wá iṣẹ́ náà. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe dúró ní àgbàlá ọkùnrin yẹn nínú rọ́bà dúdú, tí wọn yóò sì máa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi yí bàtà náà síwá sẹ́yìn. "Èyí ti dára ju èyí tí wọ́n ń wọ̀ wọnú ẹrẹ̀ lọ. Kí ló dé tí o ò ra rọ́bà?"

"Alfa ní kó jẹ́ awọ."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá Alfa jiyàn. "Ṣé o dán an wò?"

"Mo dán an wò."

Ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí olórí ẹ̀ka wa jáde sí àgbàlá, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Injiníà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra mínírà fún gbogbo wọn.

Ohun tí ìtọ̀ ṣúgà máa ń ṣe fún ẹsẹ̀ ni pé ó máa ń pa á. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ìgbà tí omi wọlé. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó rẹ̀ bá a tú okùn bàtà náà, omi pupa sì dà jáde sílẹ̀ pẹ̀lú òórùn. Ibi tí wọ́n ti rán awọ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti là. Báńdéèjì funfun ti di àwọ̀ ẹrẹ̀.

"N ò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀," ni ohun tó ń tẹnu mọ́. "N ò mọ̀ rárá."

Ìka méjì ni wọ́n gé. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó rí ojú mi, ó sì fẹ́ tù mí nínú. "Irin iwájú bàtà yẹn ṣiṣẹ́ o," ó ní. "Kò sí ohunkóhun tó já lu àwọn ìka náà."

Mo jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí òjò bá ti rọ̀, òun ló máa ń pọ̀n mí lọ sí ilé kéwú kí bàtà mi tuntun má baà tutù. Ẹsẹ̀ lásán ni òun fi ń rìn nínú àgbàrá náà.

Nígbà tó gbádùn díẹ̀, ó ní kí n fi mọ́tò gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan ní Ọ̀fà Garage. Ó mú réènbúùtù kan, ó da omi kún un lójú gbogbo ènìyàn, ó gbé e kọ́ ìṣó oníbàtà, ó sì fìdí lé bẹ́ǹṣì. Oníbàtà ń pariwo. "Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́ fún mi!" Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà náà. A jókòó níbẹ̀ títí ìrun Alaasari fi tó. Omi kò kán sílẹ̀. Ó sì rà á.

Kò tíì bi mí léèrè ohunkóhun títí di òní. Injiníà ṣì ń bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, mo sì ń fò ó kọjá wẹ́rẹ́. N kì í fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe fáàrí tirẹ̀.

Gbólóhùn tí Alfa sọ bí mo ṣe ń dìde lọ́jọ́ yẹn ni pé, "Ṣùgbọ́n aláìsàn ni. Bó bá jẹ́ rọ́bà ni yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kó wọ rọ́bà. Bó bá bọ́ ọ láti kírun, kó fi ọwọ́ tútù pa báńdéèjì náà lórí." Mo gbọ́ ọ dáadáa. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n pè é ní injiníà. Èmi náà ṣe fáàrí bàtà. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ṣe é.