Ọjọ́ Tí Mo So Ìrù Mọ́ Àkùkọ Ìyá Onílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kó mi sí ní Itele níbí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Obìnrin olùkọ́ yunifásítì kan ló gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n ṣe ìkànnì ayélujára nípa dáínósọ̀, àwọn ẹranko ńláńlá tó ti parẹ́ kí èèyàn tó dáyé. Ó fẹ́ kí tọmọdé tàgbà tẹ bọ́tìnnì, kí dáínósọ̀ dìde, kó sì máa rìn lójú fóònù wọn.

Ó dìde lóòótọ́. Ìrìn ló kù. Ó ń rìn bí ẹni tó mutí yó tó ń wá ilé rẹ̀!

Olùkọ́ yìí wò ó, ó ní kí n lọ wo adìyẹ, pé mọ̀lẹ́bí dáínósọ̀ ni gbogbo ẹyẹ. Ó ní bí adìyẹ bá ní ìrù gígùn, ìrìn rẹ̀ á jọ ti baba ńlá rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ fi ìkànnì náà han àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá onílé wa ní àkùkọ kan. Kọmíṣọ́nnà ni Màmá ń pè é. Àkùkọ yìí máa ń sáré lé gbogbo ayálégbé, àmọ́ orí itan Màmá ló ti ń jẹ àgbàdo.

Màmá lọ sí ìpàdé ìjọ, mo bá fi àgbàdo tan Kọmíṣọ́nnà. Mo fi páálí ṣe ìrù, mo fi aṣọ so ó mọ́ ọn nídìí jẹ́jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó rìn? Ó tẹ̀ síwájú, ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ni ìlú. Inú mi dùn débi pé n ò rántí ti géètì.

Ló bá jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ọlọ́kadà kan ní, "Bùrọ̀dá, kí lẹ fún un jẹ?" Ta la wá pàdé lójú ọ̀nà? Màmá, pẹ̀lú Bíbélì lábíyá.

Ó wo ìrù, ó wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni, pé mọ̀lẹ́bí dáínósọ̀ ni Kọmíṣọ́nnà.

Màmá ní, "Ṣé dáínósọ̀ ni mo ti ń dín ní gbogbo Kérésì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò nílé òun.

Mo wọlé. Dípò kí n palẹ̀ mọ́, mo fi fídíò yẹn tún ìrìn dáínósọ̀ ṣe, torí bí wọ́n bá tilẹ̀ lé mi, iṣẹ́ á ti parí. Nígbà tí Màmá wá wò ó bóyá mo ti ń di ẹrù, mo tẹ bọ́tìnnì. Dáínósọ̀ dìde, ó rìn.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ Kọmíṣọ́nnà nìyí! Tún un tẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí bátìrì fi kú. Kò sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́. Ó kàn ní dandan ni kí n kọ orúkọ Kọmíṣọ́nnà, ọmọ òun, síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ka "Rìn bíi Kọmíṣọ́nnà" tí mo kọ sórí ìkànnì náà, wọ́n sì dìde. Bàbá kan tó wọ kóòtù na ìdí sẹ́yìn, ó ń rìn yí tábìlì po. Wọ́n gba iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn máa tọrọ nǹkan oníǹkan kó tó mú un, kódà bó jẹ́ nítorí ìmọ̀. Àti pé ohun tó jìnnà kì í ṣòro lóye béèyàn bá rí ojúlùmọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí niṣẹ́ ti mú yín ṣe táwọn ará àdúgbò fi rò pé orí yín ti dàrú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan.