Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Lánlọ́ọ̀dù

Títí dòní, bí kọ́kọ́rọ́ bá dún létí mi, inú á kàn máa bí mi ni.

Nígbà SAP, tí kẹrosíìnì di ohun àwárí, àwa ayálégbé la gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé lánlọ́ọ̀dù wa l'Ágége. A ń ru ìgbẹ́ màlúù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran wá dà sí i, a bò ó pa, gáàsì tó ń gba páìpù jáde níbẹ̀ la fi ń dáná. Lánlọ́ọ̀dù ò ru agbọ̀n kan. Ṣùgbọ́n òun ló ti ẹnu páìpù pa, tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn, ìyàwó rẹ̀ á sì se tiẹ̀ tán ká tó rí iná. Bí a bá ráhùn, á ní, "Ilé ta ni?"

Toyúntoyún ni Ìyá Ìbejì, ọ̀kan lára àwa ayálégbé, fi ru ìgbẹ́ yẹn. Nígbà tó bímọ, nínú ọyẹ́, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i, kí n gbé omi ọmọ kaná."

"Omi tútù náà ṣe é fi wẹ ọmọ."

Ìgbà tí lánlọ́ọ̀dù kú, àwọn tó fẹ́ wẹ òkú rẹ̀ bèèrè omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n nà án sí Ìyá Ìbejì pé kó lọ gbé omi kaná. Ó gbà á, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ló wí. "Omi tútù náà ṣe é fi wẹ òkú."