Ìbú Ìka Kan Nínú Gìgísẹ̀ Bàtà

Ìyá aránbàtà kì í dédé wá sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dà láàmú, kò lè máa sọdá títì méjì torí àti kí ènìyàn lásán. Nígbà tó wá yọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó fi abíyá há nǹkan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé, aránbàtà gbé òòlù sílẹ̀, ó nu àga fún un.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé kò sí o?"

"Kí ni ì bá wà? Bàtà ni mo gbé wá fún aránbàtà. Àbí o ti fẹ̀yìn tì?"

Ó tú ìwé ìròyìn náà. Bàtà dúdú olókùn ni, ó ti gbẹ bí èèpo igi, òwú ìdí rẹ̀ ti já. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, aránbàtà sì ti ń fọkàn gbàdúrà pé kó jẹ́ ibẹ̀ ni kó máa wà.

Àbúrò rẹ̀ tí ogun pa ló ni ín. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí ó kúrú, ó sì tín-ín-rín. Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wá gbé òun mì.

Ní báyìí, wọ́n ń ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní ilé ìkàwé ìlú fún àwọn tó bógun lọ. Wọ́n ní kí mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan mú ohun kan wá.

"Bá mi rán ìdí ẹ̀, kó o kùn ún kó dán," ni Màmá wí. "Inú dígí ni wọ́n máa gbé e sí. Mo ti sọ fún obìnrin tó wà níbẹ̀ bí ọmọ mi ṣe ga lọ́sẹ̀ tó bógun lọ. Ó ní àwọn máa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

Ìtàn yẹn gan-an ni wàhálà. Nígbà ogun, àwọn ológun fa ìlà funfun sára ògiri àgọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun tí orí rẹ̀ ò bá kan ìlà, ilé ló ń lọ. Abẹ́rẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n lé e. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, orí kan ìlà. Lójú Màmá, Ọlọ́run ló na ọmọ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan torí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ohun tí Ọlọ́run bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà, ta ni yóò bá a fà á? Ohun tó ń jẹ́ kó rí oorun sùn nìyẹn.

Kì í ṣe Ọlọ́run. Aránbàtà ni.

Ìbú ìka kan péré ló kù kí Abẹ́rẹ́ kan ìlà. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ló wá jókòó sí, lórí àpótí ìṣó.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà ní kò sẹ́ni tó mọṣẹ́ yìí tó yín."

"Ogun kì í ṣe eré o, Abẹ́rẹ́."

"Ta ló pè é léré? Àbí ẹ ò lè ṣe é ni? Kí n gbé bàtà yìí lọ bá ti ìkóríta?"

Ọ̀rọ̀ aránbàtà ìkóríta yẹn ló bà á jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ẹ̀gbọ́n yìí nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já geere, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní òun ò mọṣẹ́. Ó tú gìgísẹ̀ bàtà, ó gé awọ, ó tò ó léra sínú, ó rán an pa. Ojú ò lè rí i. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń tiro lọ lójú títì bí àkùkọ tó tẹ ẹ̀gún. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, àpótí kan dé: aṣọ, ìwé, bàtà. Òkú ò dé.

Ó ti wádìí ṣá. Akọ̀wé àgọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún un pé nígbà tó yá, ìlà yẹn di àṣehàn. Ẹni tó bá ṣáà ti lẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ò rántí oṣù tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó lè jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíì á mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Aránbàtà ò rí mú.

Bó bá kàn rán bàtà náà, irọ́ òun ni yóò wọ inú dígí, wọn yóò sì kọ ọ́ mọ́ ọn. Ó mú ọ̀bẹ, ó la gìgísẹ̀ lójú Màmá. Awọ mẹ́ta tó léra bọ́ jáde. Ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

"Òun ló gbé Abẹ́rẹ́ dé ìlà, Màmá. Èmi ni mo fi síbẹ̀."

Màmá fi ìka wọn awọ náà, ó tún un wọ̀n. Oníbàárà kan yọjú, ó rí wọn, ó ní òun ń padà bọ̀.

"Ṣé ó dùn ún lẹ́sẹ̀?"

"Díẹ̀, Màmá."

"Mo rí i tó ń tiro. Mo rò pé bàtà ló ń ha á ni." Ó mí kanlẹ̀. "Wọn ì bá ti lé e wálé bá mi."

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé dé ẹnu aránbàtà. Ó gbé e mì.

"Ẹ foríjì mí, Màmá."

"Rán an. Má fi ìyẹn sí i mọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà, bàtà náà wà nínú dígí, ó ń dán, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Màmá ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára káàdì sí òun létí. Obìnrin ilé ìkàwé kà á: ọ̀dọ́kùnrin tó ga.

"Ẹ pa ìyẹn rẹ́. Ọmọ mi ò ga. Kúkúrú ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o, Màmá."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni."

Aránbàtà dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì Màmá lọ́wọ́, ó ń retí kó fi kún un, kó sọ ẹni tó sọ fún un àti ìdí rẹ̀. Kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, aránbàtà na ọwọ́ sí Màmá bó ṣe máa ń nà án.

Màmá wo ọwọ́ náà. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ níṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.