Wáyà Méjì tí Mo Fi Owú Pààrọ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun: mo gba báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama. Mo ní láti tètè sọ ọ́, torí tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ lè rò pé wọ́n ṣèèṣì fún mi ni.

Lẹ́yìn báàkì, mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣábẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo ń jayé bí ọmọ kan ṣoṣo, àfi ìgbà tí ọmọbìnrin kan dé láti Adido wá kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ká ní ó ń bú mi ni, ó tiẹ̀ máa dùn mọ́ mi díẹ̀. Bó bá jó òjé mọ́ káàtì, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń so wáyà mọ́ nínú ẹ̀rọ, á máa dán. Tèmi á dà bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ọ̀gá á gbé tirẹ̀ sókè: "Wo iṣẹ́!" Á wá wo tèmi, á yí i dojú dé.

Ìyá kan ní Ofè ní àpótí iná tó ń sàba lé ẹyin ẹtù, ó sì fẹ́ máa rí ìgbóná inú rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá fún àwa méjèèjì ní káàtì wífì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìgbóná. Kọ̀ǹpútà ti gba ẹnu kan ṣoṣo tí káàtì fi ń sọ̀rọ̀, torí náà kóòdù la máa fi sọ ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjì mìíràn di ẹnu àti etí, kó lè máa gbọ́ ti ẹ̀rọ ìgbóná, tí òun náà ní ẹnu àti etí tirẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ni mò ń gbé lọ Ofè ní Jímọ̀."

Mo ti sọ fún ìyá mi pé èmi ni. Ó ti bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, káàtì mi ò wí nǹkan kan. Tirẹ̀ náà ò wí nǹkan kan. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá lọ kírun, ọmọbìnrin náà sì lọ ra ẹ̀wà tí àwa méjèèjì máa jẹ. Orin ló ń kọ lọ. Ẹni tí nǹkan ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kí ló ń kọrin sí? Mo ní ó ti fẹ́ rí i nìyẹn. Mo bá yọ wáyà rẹ̀ méjèèjì, mo gbé ti ọ̀tún sósì, mo gbé ti òsì sọ́tùn-ún, mo padà jókòó bí olùkọ́ kàtíkísìmù.

Ó dé, ó gbé abọ́ kalẹ̀ síwájú mi, ó tan káàtì. Nọ́ńbà ìgbóná bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lójú kọ̀ǹpútà: 31, 31, 31.

"Ọ̀gá! Ẹ wá o! Ó ti ń sọ̀rọ̀!"

Nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sára wọn, TX ni ẹnu, RX ni etí; ẹnu èyí ló yẹ ká so mọ́ etí ìyẹn. Látọjọ́ Ajé, ẹnu la so mọ́ ẹnu, a sì so etí mọ́ etí, torí pé orúkọ wọn jọra. Èmi tí mo fẹ́ bà á jẹ́ ni mo tún un ṣe. Mo wá jókòó, mò ń jowú iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Ọ̀gá sáré wọlé. "Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀. Kí n tó lọ ra ẹ̀wà, wáyà yìí ò rí báyìí."

Ó yẹ kí n dákẹ́. "Èmi ni mo tún un ṣe," ni mo wí.

"Háà! Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n!"

Ọ̀gá yíjú sí tábìlì mi. "O mọ̀ ọ́n, àbí? Tìẹ wá ńkọ́?"

Wáyà tèmi ṣì wà bí mo ṣe so ó lọ́jọ́ Ajé. Ọmọbìnrin náà wo tirẹ̀, ó wo tèmi, ó wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ bà á jẹ́ ni?"

"Díẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé abọ́ ẹ̀wà kúrò níwájú mi.

Ní Jímọ̀, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù ọ̀gá, ó gbé káàtì lé itan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eruku wọn fi lọ sílẹ̀, mo wá wọlé, mo pààrọ̀ wáyà tèmi. 30, 30, 30.

Ìyá mi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. "O ò tíì lọ? Ṣẹ́ẹ̀tì ti ń rún mọ́ ẹ lára!"

"Màmá, tèmi náà ti ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo wo àga ọ̀gá, mo wo àga ọmọbìnrin náà.

"Èmi nìkan ni, Màmá."