Gbogbo Rogodo Kọ́ ni Sitafu

Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí, lórúkọ Fúnmi àbúrò mi àti gbogbo ìyàwó ojú ọ̀nà ní Àsin-Èkìtì.

Lónìí, ìjọ wa sún ìgbéyàwó Fúnmi síwájú nítorí àyẹ̀wò tó ní ó ní sitafu, kòkòrò tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún. Mo lọ bá ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn kòkòrò tí ẹ rí ṣù bí ìdì ẹyìn ni, àbí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀?"

"Akọ̀wé, ṣé uṣẹ́ mi lo fẹ́ kọ́ mi? Rogodo ni mo rí. Sitafu náà nìyẹn."

Èyí tó ṣù là ń pè ní sitafu. Èyí tó tò, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ sitirẹ́pù ni. Ẹni tí kò lè ya ẹyìn sọ́tọ̀ lára ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tú ìgbéyàwó ká!

Kó tún àyẹ̀wò náà ṣe lójú wa kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí ìjọ sì dúró dè é. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ta ló tún ti gba èsì "sitafu" lọ́wọ́ ọkùnrin yìí?