Ẹ̀yìn-Ò-Kanlẹ̀ Ti Kanlẹ̀: Ta Ló Dá A?

Ẹ̀yìn-Ò-Kanlẹ̀ ti kú. Inú gbọ̀ngàn ìjàkadì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ṣubú sí, lọ́sàn-án gangan, níṣojú àwọn ẹni ńlá tó wá ya fọ́tò. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ ọ: àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, akọni tí ẹnikẹ́ni ò lè dá ni baba yìí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀ ti pòfo. Ẹ̀yìn tirẹ̀ ò kanlẹ̀ rí, ìyẹn ló fún un lórúkọ. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ. Wọ́n tú wa sílẹ̀ ká lè dúró lẹ́bàá títì wo ọkọ̀ tó gbé e kọjá. Etí rẹ̀ ti ká jọ bí ewé tí oòrùn pa, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tójú ń tì. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì eré ìdárayá. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó di kóòṣì. Ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀ ti pàdé. Ọmọ mi obìnrin, tí mo rò pé yóò wá ibi jẹ́jẹ́ jókòó sí, wọlé lọ́jọ́ kan pé ìjàkadì lòun fẹ́ ṣe. Mo gbéra, mo lọ bá baba náà jà. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ò tíì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni màá kọ́kọ́ kọ́ ọ." Ohun tó sì kọ́ ọ nìyẹn, ó pẹ́ lórí rẹ̀: fi àgbọ̀n mọ́ àyà, ká ẹ̀yìn, fọwọ́ lu ilẹ̀ kí orí tó débẹ̀.

Mo máa ń lọ yọjú lójú fèrèsé wọn. Ọmọ kì í dàgbà lójú ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà jíjìn, bí fóònù mi bá dún, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Àbúrò wá tún lọ ń gbé ọrùn fún ẹni ẹlẹ́ni dì mú. Bí baba bá ti rí mi, á ní, "Ìyá Oníbẹ̀rù ti dé o, ẹ rọra ṣubú." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò.

Ojú fèrèsé yẹn ni mo ti rí àga náà. Àga rọ́bà kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ya, wọ́n fi wáyà dì í. Orí mátì tí wọ́n ń jà lé ló gbé e sí, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ àárín, ó sì ń dí wọn lọ́wọ́. Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ni. Ọmọ mi ló là mí lójú. Òrùlé ti ń jò síbẹ̀ tipẹ́, omi wọ abẹ́ mátì, fóòmù inú rẹ̀ jẹrà. Lókè, ó jọ mátì; lábẹ́, sìmẹ́ǹtì ni. Baba fi òwú àwọn aṣebàtà rán an títí, kò gbà. Ló bá gbé àga lé e, ó jókòó sí i, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà ṣubú síbẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi dí ihò náà.

Ṣé ọ́fíìsì ò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Ó mú ọ̀gá wọn wọ gbọ̀ngàn, ó ní kó bọ́ bàtà kó tẹ ibẹ̀ wò. Ọ̀gá ò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn yín ò kanlẹ̀ rí, bàbá, kí lẹ fẹ́ fi tìmùtìmù ṣe?" Àwọn tó tẹ̀lé e rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní baba náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí àga.

Nígbà tí iṣẹ́ wá dé ní tòótọ́, ògiri ìta ni wọ́n kùn. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ògiri ló ń jáde nínú fọ́tò, ṣebí abẹ́ mátì kì í jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ògiri tuntun náà han aráyé, ọ̀gá dé tòun tàwọn ayafọ́tò. Kò sí ibi tí yóò jókòó sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wòsì, ó rí àga kan lórí mátì. Ó gbé e. Ó tiẹ̀ fi áńkáṣíìfù nù ún. Baba fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò ní pẹ́ tán. Ọ̀gá ní kí obìnrin kan gbé baba ṣánlẹ̀, pé fọ́tò yẹn á dùn ún wò. Obìnrin náà ni ọmọ mi. Àwọn ayafọ́tò ní kí wọ́n sún síhìn-ín, kí wọ́n sún sọ́hùn-ún, nítorí ìmọ́lẹ̀, títí ọmọ náà ò fi mọ ibi tí àga wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó ní òun rọra gbé e. Ó ní òun rí i tí baba fi àgbọ̀n mọ́ àyà bó ṣe kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ìmọ̀ ìṣubú rẹ̀ sọ sìmẹ́ǹtì di fóòmù fún rí?

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn. Òfin baba ni pé, tí o bá ti tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, o ò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí fèrè bá dún. Ó máa ń díbọ́n bí ẹni tó dákú láti fi dán wọn wò. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á sáré yí pápá ká. Nítorí náà, ọmọ mi dì í mú. Àwọn yòókù dúró. Wọ́n ń retí fèrè. Ọrùn ẹni tó wà nílẹ̀ ni fèrè wà.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsíbítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ tó bá kú ló ń dère. Níbi ìsìnkú, ọ̀gá kan náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ní akọni lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ò kanlẹ̀ rí. Inú pósí yẹn ńkọ́, ṣé àyà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́lẹ̀ láti ọ́fíìsì: pé àgbà ò yẹ kó máa bá ọ̀dọ́ wọ̀yá ìjà, pé ọmọbìnrin náà le ọwọ́ jù. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kì í tán níwájú rẹ̀.

Wọ́n sì ti ṣí gbọ̀ngàn náà padà. Òrùlé yẹn náà ni, mátì yẹn náà ni. Mo bẹ ọmọ mi pé kó má lọ. Ó ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti gbé àga padà síbẹ̀."

Mo bi í pé ta ló ń jókòó sí i.

Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Èmi ni."

Mo lọ yọjú lójú fèrèsé. Òótọ́ ni. Ó jókòó síbi tí baba ń jókòó sí, òjò ń ṣú bọ̀ lókè òrùlé, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Oníbẹ̀rù.

Ẹni tó gbé àga kọ́ ni mò ń bá wí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ihò hàn tó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni mò ń pè. Kó jáde síta gbangba, kó bọ́ bàtà, kó tẹ ibẹ̀, kó sọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wa. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó dá Ẹ̀yìn-Ò-Kanlẹ̀, torí ọmọ mi kọ́. Kí wọ́n sì ti gbọ̀ngàn náà pa títí òrùlé àti mátì yóò fi di tuntun, kí òjò yìí tó rọ̀.

Ẹ má retí fèrè kẹ́ ẹ tó dìde. Ọrùn ọmọ mi ló wà báyìí.