Ògbólógbòó Ọkọ̀ Inú Ẹ̀gún

Nígbà tí dókítà sọ fún Verlon Ratliff pé eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá àtúnṣe, ńṣe ló dé fìlà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì jáde. Kí ló tún kù tó fẹ́ bi í? Ní àfonífojì Caney, láàárín àwọn òkè Kentucky, ọkùnrin tó bá ti ń wọ ihò èédú láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀, ikọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ikọ́ ló gbé bàbá Verlon lọ. Ó gbé àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ náà lọ.

Wọ́n fún un ní àgbá afẹ́fẹ́ kékeré kan tó ní kẹ̀kẹ́ nídìí, pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò máa wà nímú rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti di ará ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oleta, ìyàwó rẹ̀, tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nísàlẹ̀ odò, a gbé kọfí fún un láàárọ̀, a lọ síbi iṣẹ́, a sì dé lọ́sàn-án bá kọfí náà níbi tó gbé e sí, eṣinṣin ti kú sínú rẹ̀. Verlon a wà lórí àga, a máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Ìparí ìgbà òtútù ni ó rí iná ọkọ̀ kan tó ń wò ó láti inú igbó ẹ̀gún lẹ́yìn ilé. Ewé ti rẹ̀ dànù, ẹ̀gún nìkan ló kù. Ọkọ̀ akẹ́rù Willys bàbá rẹ̀ ni, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí wọ́n ti rà kí wọ́n tó bí Verlon. Bàbá rẹ̀ fi gbé igi, ó fi gbé èédú, ó fi wọ́ ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò jáde nínú ẹrẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ká sítíárín mọ́. Nígbà tó kú, ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé tòun ni ọkọ̀ náà, ni ẹ̀gún bá gbà á.

Oleta dé lọ́jọ́ kan, kò bá ọkọ rẹ̀ lórí àga. Ó gbọ́ ìró àdá lẹ́yìn ilé.

"Verlon! Kí lo ń ṣe?"

"Mò ń gé ẹ̀gún."

"Ìwọ tó jẹ́ pé láti yàrá dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, o gbọ́dọ̀ sinmi lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀gún náà ò kánjú. A jọ ń lọ ni."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Eku ti fi àga ọkọ̀ náà ṣe ilé, wọ́n ti jẹ gbogbo wáyà. Irin ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé ti dípẹtà débi pé Verlon ń rí koríko láti orí àga. Ẹ́ńjìnnì ti gan. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó po dísẹ́ẹ̀lì mọ́ òróró gíà, ó dà á sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó dúró. Lójoojúmọ́ ló ń fi irin gígùn kan há ẹnu ẹ́ńjìnnì náà, a fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, nítorí pé agbára kò sí lápá mọ́, ìwọ̀n ara nìkan ló kù tó lè lò. Kò mì. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, irin náà rọra yẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ, ẹ́ńjìnnì sì yí. Verlon bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ náà di itọ́ dúdú sórí koríko, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Oleta kò lè fara dà ni àtifi sáńpépà ha ìpẹtà. Ó bá a nínú eruku pupa lọ́jọ́ kan, aṣọ ìbòmú wà lọ́rùn rẹ̀, kò fi bo ohunkóhun.

"Eruku ló sọ ẹ́ dà báyìí," ni obìnrin náà ń pariwo, "o tún ń wá eruku kiri bí ẹni tí ebi ń pa!"

"Dúdú nìyẹn, Oleta. Pupa rèé."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni máa sin ẹ́, má gbàgbé."

Verlon fa aṣọ ìbòmú sókè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ewu ni ṣáásì. Irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró ti jẹrà lápá ọ̀tún, àfi kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ iná àti àgbá afẹ́fẹ́ kì í gbé ojú kan náà. Verlon yá ẹ̀rọ ìjórin, ó yọ rọ́bà nímú, ó gbé àgbá náà jìnnà síbẹ̀, ó sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí Oleta dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló rí níta. Ó fà á jáde, ètè rẹ̀ ti rí bí aró.

Wọ́n mú un sọjí ní ọsibítù. Bó ṣe dé ilé, tó sùn lọ, Oleta wọ bàtà rẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà òkè lọ sílé Denzil.

Denzil ni àbúrò Verlon, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ilé rẹ̀ kò jìnnà: bí Verlon bá ń wúkọ́, bí atẹ́gùn bá gbé e, Denzil lè gbọ́. Ìyanṣẹ́lódì ńlá ayé ọjọ́sí ló pín wọn níyà. Verlon wà lẹ́nu ọ̀nà ihò èédú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú yìnyín, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Denzil wọlé. Tessie, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ń ṣàìsàn nínú ẹ̀jẹ̀, bí ìyanṣẹ́lódì bá sì gba owó oṣù, kò sí ìtọ́jú. Verlon tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀ lójú ìyá wọn, ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú náà, ọmọ náà kú nígbà ìrúwé. Verlon kò yọjú síbi ìsìnkú. Ìyàwó Denzil kó lọ lẹ́yìn ìyẹn, Denzil sì dá gbé látìgbà náà.

Oleta bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ànàmọ́.

"Denzil, mi ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó o fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ẹ. Ọwọ́ ìjórin rẹ ni mo wá bẹ̀."

"Ọkọ̀ bàbá?"

"Òun ni."

Denzil bó ànàmọ́ náà tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ó ti ń bà á jẹ́ nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi òòlù kékeré lu ara ṣáásì, ó ń gbọ́ ibi tí irin ti jẹrà. Verlon jókòó lórí àpótí lọ́ọ̀ọ́kán, ó di àgbá rẹ̀ mú. Odidi ọjọ́ lọ láìsí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara Verlon kò gbà á mọ́.

"Ibẹ̀ yẹn ti fẹ́lẹ́. Iná máa lù ú."

"Ṣé ìwọ lo máa jó o ni?"

"Tí mo bá lè jó o, kí ni wàá máa wá ṣe níbí?"

"Á jẹ́ pé kó o panu mọ́."

Lójú fèrèsé ilé ìdáná, Oleta fi épúrọ́ọ̀nù bo ẹnu. Òun nìkan ló mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Láti ìgbà náà, èébú ni wọ́n fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Verlon á ní bíréèkì tí Denzil so ò lè dá ìgbín dúró. Denzil á ní Verlon to wáyà iná bí irun orí ọ̀mùtí. Oleta á gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo jáde, wọ́n á jẹ ẹ́ lórí pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ láìwo ojú ara wọn. Gíà kékeré tó ń pín agbára fún táyà iwájú ló pẹ́ jù lọ́wọ́ wọn. Eyín rẹ̀ kan ti kán, Denzil ló rìn jìnnà lọ tú òmíràn lára òkú ọkọ̀ kan lóko ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n Denzil ń wúkọ́. Á yí ẹ̀yìn padà, á fi ìbojú ìjórin bojú, á rọra wúkọ́ bí ẹni tó ń jí i wú. Ta ló fẹ́ tan? Ẹni tó ti fi ọdún gbogbo gbọ́ ikọ́ yẹn lára bàbá rẹ̀ àti lára ara rẹ̀?

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni Verlon béèrè.

"Kí ni?"

"Denzil."

"Èéfín ìjórin ni."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Denzil jókòó lórí ẹsẹ̀ ìgunkọ̀. Ó ní ó ti pẹ́. Ó ní òun lọ síbi àyẹ̀wò, wọ́n ní kò tíì burú tó ohun tí wọ́n ń sanwó gbà-má-bínú fún, lòun kò bá lọ mọ́.

Iná ìjórin ti kú, irin ti tutù. Verlon wọ́ àgbá rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó yọ rọ́bà nímú ara rẹ̀, ó nà án sí i.

"Gbà."

"Tìẹ nìyẹn."

"Ṣé mo ní kó o gbé e lọ ni? Fà á, kó o dá a padà."

Denzil gbà á. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gba rọ́bà lọ́wọ́ ara wọn bí ọmọdé méjì tó ń mu sìgá lẹ́yìn ilé. Denzil sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"O ò wá síbi ìsìnkú Tessie."

"Mi ò débẹ̀. Mo wà nísàlẹ̀ òkè, nínú mọ́tò. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

"Mo mọ̀. Mo rí ẹ."

Denzil dá rọ́bà padà fún un, ó dìde, ó mú sípánà. "Jáàkì yẹn ti ń yọ̀. Gbé igi sábẹ́ rẹ̀." Kò tún sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ náà jí nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó kọ́kọ́ tú èéfín dúdú, ó gbọ̀n, ó fẹ́ kú, Denzil sì ń bú u bí ẹni ń bú ìbaaka, kó tó wá dúró sórí ohùn kan. Oleta pa ẹsẹ̀ jó nínú bàtà iṣẹ́. Wọ́n jà lórí ọ̀dà: Verlon ní àwọ̀ ewé ni bàbá wọn mọ̀ ọ́n sí, Denzil ní pupa ni kí ó tó di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé borí. Wọ́n kun bónẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn kan.

Denzil kò wá kun ìkejì. Oleta lọ wò ó, ó bá a lórí àga rẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ara ti tutù.

Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò dá. Ibojì àwọn Ratliff wà lórí òkè, omi sì ti gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó ń gbé òkú dé ìdí òkè, ó wo ẹrẹ̀, ó ní òun kò lọ. Arákùnrin Arvil, olùṣọ́ àgùntàn wọn, sún mọ́ Verlon.

"Bàbá Verlon, ẹ jẹ́ ká sin ín sí ibojì ìsàlẹ̀. Ọlọ́run ò ní bi wá léèrè òkè."

"Ọmọ rẹ̀ wà lókè," ni Verlon wí.

Wọ́n gbé pósí sẹ́yìn Willys, wọ́n fi okùn dì í. Verlon jókòó sídìí sítíárín, Oleta jókòó tì í, àgbá afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Ó ki táyà iwájú bọ gíà, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa rá. Ní kọ́nà kejì, ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ̀ lọ sétí kòtò, pósí kan pákó, àwọn ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé wọn kígbe. Verlon kò tẹ bíréèkì. Táyà iwájú wá ilẹ̀, wọ́n wá a, wọ́n rí i, wọ́n fa gbogbo wọn gòkè. Àwọn ọkùnrin méjì ló fọwọ́ kọ́ Verlon lápá dé ojú oórì. Ó da yẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀, àbúrò mi." Ikọ́ kò jẹ́ kó sọ ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Caney bẹ̀rẹ̀ sí í wá yá ọkọ̀ náà láti gbé òkú wọn gòkè. Àwọn òkú kò fẹ́ dúró de ẹ̀rùn. Verlon wà á fún opó kan, kò sì lè wà á mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Orí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé ló ti ń kọ́ Oleta ní wíwà rẹ̀.

"Má fi agídí ki gíà. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Mi ò gbọ́."

"Ìwọ tó o wà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì!"

Yìnyín kò tíì yọ́ tán nígbà tí Verlon náà kú. Àwọn ọkùnrin ní àwọn máa bá Oleta wakọ̀. Ó ní rárá. Ó wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀, ó fi Willys gbé òkú rẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀, wọ́n sin ín. Nígbà tí Oleta ń wà á padà bọ̀, gíà ń yọ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, ọwọ́ òsì lórí sítíárín, títí tó fi dé ilé.